Ọwọ́ Bàbá Rẹ Lára Gòjé

Annegret ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ara wa le, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn àlejò ọdún orin tún pàgọ́ kún ọgbà wa ní Rudolstadt, wọ́n sì jẹ kéèkì ṣẹ́rì mi tán.

Bàbá rẹ jágbe mọ́ olórin kan: "Ta gòjé yẹn dáadáa, àbí ebi ń pa ọ́ ni?" Olórin náà rẹ́rìn-ín, ó fa ọwọ́ bàbá lé ikùn gòjé náà. Ni omi bá bọ́ lójú bàbá. "Ìyá Annegret, ó mà ń dún o!"

Ìdí tí kì í fi gba ìpè rẹ nìyẹn. Kò bínú sí ọ. Etí rẹ̀ ló ti di, ojú sì ń tì í.

Ọlọ́run á mú ọ wálé láyọ̀. Jọ̀ọ́, gbé gòjé rẹ dání. Ọwọ́ ni yóò fi gbọ́ ohùn rẹ.

Ìyá rẹ, Gerlinde