Káàdì Ìtọ́jú Akọ-Òkúta

Sátidé, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 1978
Bí mo ti ń bọ̀ láti díspẹ́ńsárì, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Akínlẹ́yẹ tó ń kọ pátákó ní Òkè-Ìlá. Àwòrán tuntun ti wà lára ògiri — Akọ-Òkúta, akọni inú àwòrán rẹ̀, tún ń jà. Ó ti pé ọdún méjì tí àdúgbò ti ń wo ìjà ọkùnrin yìí ní Sátidé-Sátidé, èmi náà kì í pa á jẹ. Ṣùgbọ́n inú bí mi lónìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, apá ọ̀tún rẹ̀ ló kán. Lónìí, apá òsì ló wà nínú báńdéèjì, ọ̀tún sì ń gbé àgbá epo! Eyín méjì tó yọ lóṣù tó kọjá ti padà sẹ́nu. Èmi tí mò ń di egbò láti àárọ̀ dalẹ́! Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀dà — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe Akínlẹ́yẹ bẹ́ẹ̀ — pé irú aláìsàn yìí kò sí láyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá tọ́jú rẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀rín náà yẹ ẹ́.

Sọ́ńdè, 3
Eyín ni mò ń rò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Eyín Akọ-Òkúta ni o.

Túsìdeè, 5
Ìṣó gún Yínúsà bírìkìlà, ọ̀rẹ́ Ọ̀dà. Bí mo ti ń fọ egbò rẹ̀ ló ń ròyìn. Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń ṣe ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé. Ó ti kọ̀ láti gba Akọ-Òkúta lẹ́ẹ̀kan, ó ní egbò rẹ̀ ń rìn kiri. Yóò tún wá wò ó lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí. Bó bá tún kọ̀ ọ́, Ọ̀dà yóò palẹ̀ mọ́, yóò padà sí Òṣogbo. Òṣogbo! Mo di báńdéèjì náà le jù, Yínúsà ké.

Wẹ́sídeè, 6
Mo mú káàdì aláìsàn kan láti ibi iṣẹ́, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀: Akọ-Òkúta, ọkùnrin. Apá ọ̀tún kán, 26 Oṣù Kẹjọ. Eyín méjì, kò ní padà. Bírò ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Sístà wa, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, kò gba pẹ́ńsù lórí káàdì. Ibi tí wọ́n ti béèrè ìbátan, mo fò ó. Ọ̀dà gba káàdì náà tọwọ́tẹsẹ̀, àfi ìgbà tí mo ní eegun ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó jinná. Ó ní ta ni yóò máa wo ẹni tó ń sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Mo ní kó máa fi apá kan jà.

Sátidé, 9
Apá òsì! Ọ̀tún ló wà lórí káàdì, òsì ló tún yà. Ó ń búra pé ọ̀tún lòun yà. Mo ní bóyá òun ló yẹ kí n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Mọ́ńdè, 11
Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn Ọjà Ọba relé kí n má bàa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀dà. Ọ̀nà náà jìn. N kò ní gbà á mọ́.

Tọ́sìdeè, 14
A ti rí i! Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo sì bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ó so aṣọ mọ́ apá ọ̀tún ara rẹ̀, ó dúró síwájú dígí onígbàjámọ̀, ohun tó rí níbẹ̀ ló ń yà. Dígí ló ń sọ ọ̀tún di òsì! Bí Yínúsà bá dúró fún un, egbò a wà níbi tó yẹ. Bí Yínúsà bá lọ síbi iṣẹ́, tó sì ku Ọ̀dà àti dígí nìkan, egbò a ṣí lọ sí apá kejì. Ọdún méjì! A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti ń tún àwòrán méjì tó bàjẹ́ yà.

Sátidé, 16
Akọ-Òkúta fi orí kan ọlọ́ṣà mẹ́ta, apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì — ọ̀tún! Àwọn ènìyàn kún iwájú ṣọ́ọ̀bù dé ojú títì. Màámi bi mí nílé pé, "Ṣé aláìsàn rẹ yìí kò ní ulé ni, tó fi jẹ́ ojoojúmọ́ lo ń lọ wò ó?"

Sátidé, 23
Eegun ń jinná bó ti yẹ. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè dé. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi.

Sátidé, 30
Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè dé pẹ̀lú gíláàsì ojú tó nípọn. Ó to àwòrán oṣù yìí sílẹ̀, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú káàdì. Ó ka eyín. Ó bi mí bóyá báńdéèjì náà kò ti pẹ́ jù. Mo ní ó ku ọ̀sẹ̀ kan gbáko, sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Akọ-Òkúta yóò wọ ìwé ìròyìn òun láti oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì má kúrò nídìí rẹ̀. Yínúsà jó. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Nígbà tí àlejò lọ, Ọ̀dà fi káàdì lé mi lọ́wọ́. Níbi ìbátan, ó ti fi lẹ́tà pátákó rẹ̀ tó rẹwà kọ ọ́: Monínúọlá Ọláoyè. Mo ní báwo ni mo ṣe di ìbátan ọkùnrin inú àwòrán?

Ó wolẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ta ni mo máa ń rí nínú dígí tí mo bá ń yà á?"

Ó fi ibi tí wọ́n ti béèrè irú ìbátan sílẹ̀ fún mi. Mo ti mú káàdì náà wálé. Mo fi pẹ́ńsù kọ "ìyàwó", kékeré. Mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà mo rántí òfin Sístà, mo mú bírò.