Wọ́n Ní Kí N Má Kúnlẹ̀ Mọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ máa rẹ́rìn-ín pé 'ẹ' ni mò ń pè yín nínú ìwé yìí. Nílé wa, 'ìwọ' ni mo máa ń pè yín, bí àwọn ọmọ Èkìtì ṣe ń pe bàbá wọn, ẹ̀yin náà kò sì rí i bí ìwọ̀sí rí. Àwọn tíṣà ló fi 'ẹ' sí wa lẹ́nu. Tiwa ni pé orúnkún la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọ̀rọ̀ orúnkún yìí gan-an ló gbé báírò lé mi lọ́wọ́ lónìí.

Mo fẹ́ di bọdigáàdì. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níbí, ẹ̀yin nìkan ni kò ní pariwo. Màámi ti pariwo tó ti ẹni méjì.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, géètì ilé ìwé kan ní Arámọ̀kọ ni mo ń ṣọ́. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń ra kòkó ní Ẹ̀fọ̀n ti rí mi, nígbà tó wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, láàárín Erio àti Ìdó-Ilé, ojú ọ̀nà kò sì rí bó ṣe rí nígbà tiyín mọ́. Ó ní àwọn ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé òun kò lè bá òun wọ yàrá obìnrin. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ jù, tí ojú rẹ̀ kì í sì í sinmi, ló wu òun. Àmọ́ kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́ náà dójú àmì. Ibi tí n óò ti kọ́ ọ ló wá di ìṣòro mi.

Ibi méjì ni mo rí. Èkíní wà ní Adó, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà, mo sì lè máa ti ilé lọ. Mo lọ wò ó. Kí wọ́n tó béèrè orúkọ mi, wọ́n ti fi gíláàsì dúdú sí mi lójú, wọ́n gbé ìbọn onígi lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ya fọ́tò mi. Bàbá, fọ́tò náà dára! N kò ní purọ́ fún yín. Mo ń wò ó títí mọ́tò fi dé Arámọ̀kọ. Wọ́n ní tí n bá ti parí, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olóṣèlú, pàápàá bí ìbò ṣe ń bọ̀ yìí. Wọn kò bi mí ní ohun tí mo lè ṣe tàbí èyí tí n kò lè ṣe.

Èkejì wà ní Ìbàdàn, oṣù mẹ́ta gbáko. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sójà ló ń darí rẹ̀. Ó kéré lára, ohùn rẹ̀ kò sì ga, àmọ́ bó bá wo ènìyàn, ènìyàn á yẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ wò. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìbọn ló kẹ́yìn. Bí a ṣe ń lọ ṣáájú wo ibi tí ọ̀gá ẹni ń lọ, bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó fara gbọgbẹ́, bí a ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ pa ìjà, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́. Kì í sì í gba ẹnikẹ́ni láìdán an wò.

Ó dán mi wò. Ó ní kí n mú ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tó múra bí ọlọ́lá, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí mọ́tò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń rìn bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Ni ìyá arúgbó kan bá yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú abọ́ ẹ̀pà lórí, ó ní, "Ọmọ mi, o kú ọ̀sán o." Bàbá, n kò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Méjèèjì! Mo tiẹ̀ ń bi í nípa àwọn ará ilé. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, wọ́n ti fa ọlọ́lá mi wọ ẹ̀yìn ògiri.

Àwọn tó ń wòran rẹ́rìn-ín débi pé ìyá ẹlẹ́pà náà bá wọn rín in. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ Èkìtì tó ti wá sọ́dọ̀ òun, orúnkún ló máa ń tú wọn fó. Ẹni tó bá wólẹ̀ kí àgbà, ilẹ̀ ló ń wò, ẹni tó bá sì ń wo ilẹ̀ ti fi ẹni tó ń ṣọ́ sílẹ̀. Bí mo bá mọ̀ pé mo lè dúró lóòró kí àgbà, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bí n kò bá lè ṣe é, kí n má wulẹ̀ fi àkókò ara mi ṣòfò.

Ẹ wò ó, Bàbá. Adó tẹ́wọ́ gbà mí láìbéèrè nǹkan kan. Ìbàdàn ní ohun tí ẹ̀yin àti Màámi fi gbogbo ìgbà èwe mi kọ́ mi ni àléébù mi. Èwo ni kí n yàn?

Màámi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́, tó ń gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ ọmọ?" Ó ní bó bá di dandan, kí n gba ti Adó, ó kéré tán n óò máa sun 'ulé', ìyẹn ilé wa. Kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn ìyá ìjọ lọ́jọ́ tí ọmọ òun bá dúró gan-an lé wọn lórí bí òpó iná? Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Òun kò bímọ kí ọmọ náà lọ fi ara dí ọ̀nà ikú fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo dá ìwé yìí dúró, ọjọ́ Àìkú nìyí. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ní àárọ̀ àná, èmi àti Màámi jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Ni mo bá bi í bóyá ẹ̀yin máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹmẹsẹ̀ ààfin. Mo mọ ìdáhùn, torí mo rántí. Bí Kábíyèsí bá jáde lọ́jọ́ ọdún, gbogbo ìlú á wà nílẹ̀, ẹ̀yin á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, ẹ ó máa wo ọwọ́ àwọn ènìyàn. Wọn a kí yín, ẹ kò ní dáhùn. Lọ́jọ́ kan Ìyá Àgbà, ìyá tó bí yín lọ́mọ, kọjá níwájú yín, ó fi oríkì kí yín, ojú yín kò tilẹ̀ yí síbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní agbéraga ni bàbá mi. Mo bá wọn jà, aṣọ ilé ìwé mi sì ya.

Màámi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní ṣé n kò rántí ìrìn ìrọ̀lẹ́ yín ni? Mo rántí. Bí ẹ bá ti ààfin dé, ẹ ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ ó mu omi, ẹ ó tún jáde. Ọbẹ̀ á tutù, Màámi á máa ṣàròyé. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn ìtàkúrọ̀sọ ni. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó kí yín lọ́sàn-án tí ẹ kò dá lóhùn, ilé wọn lẹ máa ń lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti lọ kí wọn bó ṣe yẹ. Nílé Ìyá Àgbà, gbalaja lẹ máa ń nà sílẹ̀, ẹ kì í sì í dìde títí ìyá yín yóò fi kì yín tán.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, Bàbá? Ṣé ara máa ń ni yín nígbà tí ẹ bá dúró gan-an tí ìyá yín ń kọjá? Ta ló kọ́ yín? Ṣé wọ́n dán ẹ̀yin náà wò, ṣé ẹ̀yin náà kọ́kọ́ ṣubú? Ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni mo bá yín sọ títí ọlọ́jọ́ fi dé, n kò bi yín nípa iṣẹ́ yín rí. Ó ń dùn mí gan-an.

Nígbà tí Màámi sọ ọ́ tán, ó tún mú ọ̀bẹ. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó bó ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì ní kí n dìde. Ó gbé agbọ̀n rù, ó yípo ilé, ó yọ sí mi láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o." Mo kúnlẹ̀. Ó pòṣé. Ó tún yípo, mo tún kúnlẹ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé òun kọ́ mi dáadáa tó báyìí. A rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, torí ẹ̀rín yín ló máa ń ga jù nínú ilé yìí, kò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, mo ti lè dúró. Mo ń kí i, ojú mi wà lára ọwọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n mo dúró.

Màámi kò tíì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó ní ẹ̀rù òun kò lọ, kò sì ní lọ. Àmọ́ bí mo bá máa ṣe é, kí n má ṣe é nítorí fọ́tò. Ìbàdàn ni mo yàn, Bàbá. Ẹni tó fi àléébù mi hàn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo lè fi ẹ̀mí mi lé lọ́wọ́, àti ẹ̀mí ẹni tí n óò máa ṣọ́. Fọ́tò Adó ṣì wà nínú báàgì mi o, n kò jù ú nù. Ó dára jù.

Ọjọ́ Ajé. Orí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá, ní Ìbàdàn, ni mo ti ń parí rẹ̀. Wọn kò tíì pè mí.

Ní òwúrọ̀ yìí, kí n tó wọ mọ́tò, mo kúnlẹ̀ níwájú Màámi kó lè gbàdúrà fún mi, bí mo ṣe máa ń ṣe bí mo bá ń rìnrìn àjò. Ó di apá mi mú. "Dìde. Mọ́ kúnlẹ̀." Mo dìde. Ó na ọwọ́ láti gbé e lé mi lórí, ọwọ́ kò tó o. Bàbá, mo ga ju Màámi lọ dáadáa, n kò fọkàn sí i rí. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó gbá èjìká mi mú kó má baà ṣubú, ó ń gbàdúrà, orúkọ yín sì wà nínú rẹ̀. Ojú mi là sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò bí ìyá mi bá ń gbàdúrà fún mi. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú rẹ̀.

Wọ́n ti ń pè mí. Ẹ dúró tì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.