Ooru Irinwó

Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Mo-ti-mọ̀ tún dé. Orúkọ tí mo sọ ọ̀gá wa nílé-iṣẹ́ wáyà nìyẹn — kò sí ohun téèyàn sọ fún un tí kì í dáhùn pé òun ti mọ̀. Òní ló pàṣẹ pé kí ìwọ̀n ooru ìléru kúrò ní ọ̀ọ́dúnrún, kó di irinwó. Ó ní wáyà á tètè rọ̀, á sì yá láti fà. Mo ní, "Ọ̀gá, wáyà yìí kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Alumíníọ̀mù ni inú ẹ̀, bàbà ni awọ ẹ̀. Tí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á jẹ ara wọn níbi tí wọ́n ti pàdé."
"Mo ti mọ̀."
Ó mọ̀, ó sì ṣe é. Alágídí.

Ọjọ́rú, 6
Iṣẹ́ mi ni láti yẹ wáyà wò. Mo fi ẹ̀mú di wáyà mú, mo ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, mo ń kà á. Ti ọ̀ọ́dúnrún: ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún kó tó já. Ti irinwó: ẹ̀ẹ̀mẹrin péré. Tí wọ́n bá kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rọ̀ bí òwú — ohun tó ń tan Mo-ti-mọ̀ nìyẹn. Mo gé e, mo fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó. Láàárín irin méjèèjì, ìlà kan bí eérú. Ó le, ó sì ń fọ́ bí èèpo ẹyin. Inú ilé àwọn èèyàn ni wáyà yìí ń lọ! Mo kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò: 4, kò yege.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ẹnìkan ti sọ 4 mi di 14 nínú ìwé àyẹ̀wò. Bíírò dúdú, irú ti Mo-ti-mọ̀. Búlúù ni tèmi. Ọ̀lẹ — kò tilẹ̀ wá bíírò tó jọ ọ́.

Àìkú, 10
N kò jáde. Inú ń bí mi.

Ìṣẹ́gun, 12
Wáyà já lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó fò padà bí pàṣán, ó la Ẹ̀gbọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Afawáyà ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kó bá ẹyinjú. Mo-ti-mọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó ní àìfarabalẹ̀ ló fà á. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ẹnu mi ló máa pa mí.
"Ẹ jẹ́ kó pa mí nígbà náà, kí wáyà yín má bàa pa ẹlòmíì."
Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Àbúrò, má pa mí lẹ́rìn-ín, ó ń dùn mí."

Ẹtì, 15
Màmá Onílé-iṣẹ́ pè wá. Mo tẹ wáyà méjèèjì níwájú wọn. Ti irinwó já ní ìkẹrin, èèpo bàbà bọ́ sórí tábìlì. Mo fi 14 tí wọ́n fi bíírò dúdú kọ yẹn hàn wọ́n. Wọ́n lé Mo-ti-mọ̀ lójú ẹsẹ̀. N kò káàánú ẹ̀ rárá. Wọ́n ní èmi ni kí n jókòó sí àga ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ni wọ́n bá rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ṣùgbọ́n jẹ́ kí irinwó yẹn máa lọ títí a ó fi parí iṣẹ́ tí oníbàárà ń dúró dè yìí. Èmi ni mo ní kí ọ̀gá yín ṣe é. Àkókò ti lọ."
Mo dìde.
"Màmá, mi ò ní ṣe é."
"Lọ rò ó di ọjọ́ Ajé."
N kò rò ó. Mo lọ tààrà sí yàrá ìléru, mo pa iná ẹ̀, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n wá dúró tì mí, tòun ti ojú ọgbẹ́ tí wọ́n rán. Òǹkà ooru ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. À ń gbóhùn Màmá tí wọ́n ń pariwo bọ̀. A ò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.