Ẹ Má Fọ Inú Kàmọ́rù

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Èmi Rámọ́tù ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ouagadougou. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo ìyàwó ilé. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́? Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tilé wa nìkan. Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú.

Ooru ti dé níbí. Eruku pupa ń bo ìgàn aṣọ tí mò ń tà ní Bilbalogo, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ̀n wọ́n. Mùsílíù ọkọ mi ṣì ń ta páàtì moto ní Tampouy. Ọjà ń rìn díẹ̀díẹ̀, a ní barka, a dúpẹ́.

Ìyá mi, láti ìgbà ọyẹ́ ni inú ti ń ṣe mí. Ẹ̀jẹ̀ àti ikun ni mò ń yà. Ṣáláńgá kan ṣoṣo sì ni gbogbo agboolé tí a háyà ń lò. Kí n dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹlòmíràn wà nínú, kí n máa há ìdí mọ́ra, kó sì máa dà sí mi lára. Òórùn ara mi rí mi lára. Mi ò lè jókòó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn mọ́. Àwọn obìnrin agboolé ń fi ọwọ́ bo imú bí mo bá kọjá, ọ̀kan tilẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n má bá mi lo kẹ́tùlù kan náà mọ́. Mùsílíù nìkan ló ń fọ ìró mi láì yínmú.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó fà á. Onílé wa, ìyá Mossi kan, ní ewé sàláàdì tí wọ́n ń fi omi adágún Tanghin bomi rin ni mo jẹ. Àwọn ará wa níbí ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Láísì, ọmọ ìlú wa tó ń gbé oògùn kiri lórí moto, ní inú mi ló dọ̀tí, kòkòrò ló kún un, àfi kí òun fọ̀ ọ́ mọ́. Ó fún mi ní oògùn oníhóró pupa-àti-yẹ́lò, pẹ̀lú omi dúdú kan nínú ike. Bí mo bá lò ó, ara á fúyẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ á dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láísì á ní ìdọ̀tí ló kù, kí n tún rà sí i. Èékánná ọwọ́ tó fi ń ka oògùn náà sí mi lọ́wọ́ dúdú fún ọ́ìlì moto. Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó inú.

Ọjọ́ tí mo dákú sórí ìgàn aṣọ ni Mùsílíù gbé mi lọ sí ọsibítù. Mo bu ìgbẹ́ mi sínú ìgò kékeré, mo sì gbé e gba àárín èrò kọjá. Wọn ò rí kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n wá ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà gba ìdí mi wọ inú ìfun ńlá. Dókítà, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Ó pọ́n, ó wú, egbò bò ó bí ẹran tí eṣinṣin ti bà lé.

Ó fi Faransé ṣàlàyé, Mùsílíù ń túmọ̀ èyí tí mi ò gbọ́. Ó ní inú gbogbo ènìyàn ló kún fún kòkòrò àìfojúrí, títí kan ti ọmọ ọwọ́. Ìríra mú mi, mo bi í bóyá kò lè bá mi pa gbogbo wọn. Ó mi orí, ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe wá lóore. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n ń mú kí awọ ìfun lágbára, wọ́n sì ń pẹ̀tù sí ọmọ ogun ara wa kó má baà máa jà lásán. Nínú àìsàn tèmi, àwọn olóore ti dín kù, àwọn oníjàgídíjàgan ti pọ̀ sí i, ọmọ ogun ara sì ń bá wọn jà láìdáwọ́ dúró. Ìfun mi ló ń gba ọgbẹ́. Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ó lè tinú ìdílé wá, ó sì lè ní ohun mìíràn nínú. Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò tí mò ń lò láìsí àyẹ̀wò kò mọ olóore yàtọ̀ sí ọ̀tá, ó ṣeé ṣe kó ti dá kún ìbàjẹ́ náà. Ó ní àìsàn náà kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè.

Ó fún mi ní oògùn tó ń mú kí ìfun rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ó kìlọ̀ pé àrùn náà lè sùn kó tún jí, kí n má fi oògùn sílẹ̀.

Mo lọ bá Láísì ní Tampouy, mo sọ ohun tí dókítà rí fún un. Ẹran yíyan ló ń jẹ, kò tilẹ̀ dá ẹnu dúró. Ó ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ti dá báyìí, oògùn òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí n máa bá òun ròyìn rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi. Mo tutọ́ sílẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Àfi bí ẹ ṣe pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹ ní Kàmọ́rù àbúrò mi náà ti ń ya ẹ̀jẹ̀, pé ẹ ti gbọ́ òkìkí Láísì, kí n gba oògùn ìfọnú rẹ̀ fi ránṣẹ́. Mi ò ní fi ránṣẹ́, Ìyá mi. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí ẹ tó bínú. Ó lè jẹ́ àìsàn tèmi, ó lè jẹ́ òmíràn, àyẹ̀wò ni yóò sọ. Ẹ ní àwọn aládùúgbò ti ń sọ pé ó ń rùn. Ẹ bu oúnjẹ sínú àwo kan, kí ẹ bá a jẹ ẹ́ ní ìta gbangba, níbi tí wọ́n á ti rí yín.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún wa. Kí ó má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé. Kí ẹ sì ka ìlà yìí sí Kàmọ́rù létí: àbúrò mi, àìsàn ló ń ṣe ọ́, ìwọ kọ́ lo dọ̀tí.

Èmi ni ọmọ yín,
Rámọ́tù