Àáró ní Tempelhof

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ara mi le, ẹ̀yìn ló kàn ń dùn mí díẹ̀.

Ní yunifásítì wa, wọ́n ní ká fi ìmọ̀ àwọn baba wa dáko nínú ọgbà kan ní Tempelhof, àdúgbò kan nílùú òyìnbó níbí. Mo ní ká ṣe àáró: oko tẹnìkan lónìí, ti ẹlòmíì lọ́la. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Mo bá gbogbo wọn kọ ebè. Nígbà tó kàn mí ńkọ́? Ọ̀kan ní òjò ń rọ̀, èkejì ní òun ní Termin, àdéhùn tó ti ṣe sílẹ̀. Vincent, tó kọ àpilẹ̀kọ lórí àáró tó sì gba máàkì jù, òun gan-an ò yọjú!

Kò burú. Ilẹ̀ ibí dára.

Ẹ bá mi kí Bàbá Tàjúdéènì, tí wọ́n ń tẹ̀pá wá sí àáró yín nínú òjò.

Ọmọ yín,
Fèyísọ́lá