Orin Ìdí Òfì, Sí Ìyá Mi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Okun o, Màmá. Mo kọ́kọ́ kí yín ná, torí mo mọ̀ pé ẹ kórìíra kí ọmọ wọlé kó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ láì kí ènìyàn. Ṣé ara le lọ́run níbẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Àwa wà dáadáa níhìn-ín. Òrùlé tó ń jò ní yàrá yín, a ti tún un ṣe. Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ṣì ń so, kíkan náà ló ṣì ń kan.

Àwo orin mi ti jáde, Màmá. Kì í ṣe orin olórin tí mo máa ń kọ káàkiri níbi ìgbéyàwó ní Lókòjà o. Tèmi ni, èmi ni mo ṣe é, Ọlọ́run ló sì bá mi ṣe é. Àwọn ọlọ́máṣìn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Kàbà ń gbọ́ ọ lórí fóònù wọn, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ò sì jẹ́ ká sinmi mọ́ láti àárọ̀. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ká ní ènìyàn ni gìtá mi ni, à bá ti gbé e níyàwó fún mi? Ó ti bímọ báyìí o. Ẹ wá sọmọ lórúkọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ní ilé iṣẹ́ rédíò bi mí pé àwọn orin wo ló máa ń ṣí mi nínú bí mo bá ń ṣe orin tuntun. Mo dárúkọ orin ìjọ wa. Mo dárúkọ orin tí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò fi ń jí ara wọn sí sààrì nígbà ààwẹ̀, èyí tí ẹ̀yin náà máa ń gbè lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ẹ fẹ́ gbààwẹ̀. Mo dárúkọ orin àwọn tí ń kọ ebè. Òótọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n mo fi tiyín pamọ́ fún un, torí ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Orin ìdí òfì yín ni, Màmá. Mo ṣì ń rí òfì náà níbi tó dúró sí lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ga jù yín lọ, tí ẹ̀yin jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí kékeré, tí èmi sì ń ṣa èso inú òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí òwú bá já, ẹ óò kọ́kọ́ fi sétè, ẹ óò fi itọ́ rin ín díẹ̀, kí ẹ tó so ó. Ẹ óò wá gbé àpasà, igi pẹlẹbẹ tí ẹ fi ń gbá òwú mọ́ra, ẹ óò máa lù ú, gbà, gbà, ẹ óò sì máa kọrin:

*Ta ló bá mi rẹ òwú yìí láró?*
*Ta ló rẹ ẹ́ tó dúdú bí èyí?*

Lẹ́yìn náà, ẹ óò dákẹ́. Àpasà nìkan ni yóò máa dún, gbà, gbà, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe mọ orin náà nìyẹn. Mo rò pé ẹ ń mí ni. Nígbà tí mo dàgbà, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá orin náà, pé ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀. Kò sí orin tí mo tíì ṣe láyé mi tí n kò fi irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí níbì kan. Àwọn ènìyàn a máa yìn mí sí i.

Ìgbà tí mo wá gbé orin yín gan-an lọ sọ́dọ̀ Dáre, ọkùnrin tó ń bá mi gba ohùn sílẹ̀ ní Lókòjà, ni wàhálà dé. Dáre ní bí orin bá dákẹ́ láàárín, àwọn ènìyàn á rò pé ẹ̀rọ ló kú. Ó fi fèrè síbẹ̀, kò lọ. Ó fi ìlù síbẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bu ata sínú ògì. A yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ihò náà ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò wá. Gbogbo orin yòókù ti parí, èyí tó yẹ kó ṣáájú wọn ló kọ̀ tí kò parí.

Ohun mìíràn sì wà tó ń já mi láyà, mo lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ sáà mọ ìlú wa. Obìnrin ló ni òfì ìdúró. Ọkùnrin lè ru òwú, ó lè bá wọn ta aṣọ, ṣùgbọ́n kì í jókòó sídìí rẹ̀, kì í sì í dá orin rẹ̀. Bí ènìyàn bá dá orin tí kò tọ́ sí i láàárín àwọn obìnrin wa, wọn kì í bá a jà. Wọn kì í gbè é ni. Wọ́n á kàn máa wò ó, ọ̀kan á tún ìró ró, wọ́n á dìde lọ. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi ní Kàbà, ní ilé mi, ibo ni mo tún fẹ́ lọ kọrin?

Ni mo bá gbéra lọ sí Ìyàmóyè lọ bá Ìyá Tọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ yín, tí òfì rẹ̀ àti tiyín jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ọkọ rẹ̀ tó mú un lọ síbẹ̀, kí ẹ tó bí mi. Mo fẹ́ tọrọ àṣẹ. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀gúsí lójúde. "Okun o, ọmọ ọ̀rẹ́ mi. O mà jọ ọ́ o!" Mo jókòó, mo ta gìtá, mo kọ orin yín. Mo dé ibi ìdákẹ́jẹ́, mo dákẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ìyá Tọ́pẹ́ ò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀gúsí. Wọ́n kàn la ẹnu:

*Èmi ni, èmi ni, ẹ wo ọwọ́ mi!*
*Aró ò tíì ṣí, ẹ wo ọwọ́ mi!*

Ọwọ́ mi yẹ̀ lórí okùn gìtá. Màmá, àṣé kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ ló wà níbẹ̀ látilẹ̀! Ìyá Tọ́pẹ́ ni! Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí ẹ fi ń dá hun aṣọ, ẹ ń bi ọ̀rẹ́ yín léèrè, ẹ sì ń fún un láyè kó dáhùn láti Ìyàmóyè. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹ bá ń lu àpasà? Mo sunkún lójú ẹ̀gúsí, Ìyá Tọ́pẹ́ sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn náà.

Mo wá béèrè àṣẹ tí mo bá wá. Wọn ò fún mi, wọn ò sì fi dù mí. "Orin ìdí òfì kì í ṣe ogún. Ti ìyá rẹ nìyẹn, ìbéèrè tirẹ̀ ló ń bi wá. Ìwọ ńkọ́, kí ni tìrẹ? Lọ bi àwọn obìnrin. Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn, o ti gbàṣẹ nìyẹn."

Wọ́n bá mi dé Lókòjà. Wọ́n kí Dáre, wọ́n kí ẹ̀rọ rẹ̀ náà ní okun, wọ́n sì kọ ohùn wọn sínú ihò yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Dáre ò rí ohun tí yóò tún ṣe sí i. Ìyá Tọ́pẹ́ ti parí rẹ̀. Ó wá ku ìbéèrè tèmi.

Lọ́jọ́ tí a gbé orin náà jáde ní gbọ̀ngàn ìlú ní Kàbà, iwájú ni àwọn obìnrin jókòó sí. Àwọn tó ń hun aṣọ nígbà kan rí, àwọn ọmọ wọn, onígèlè àti oníhíjáàbù, ọ̀pọ̀ wọn ló ró kíjìpá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun. Àwọn kan wá láti Odò-Ẹrẹ̀. Mo kọ tiyín, Ìyá Tọ́pẹ́ nìkan ló gbè é. Àwọn yòókù káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò mí. Ìyá kan ti ń tún ìró ró. Mo gbé gìtá sílẹ̀, mo fi ọwọ́ lu pákó ìjókòó mi, gbà, gbà, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè tèmi:

*Ta ló bí ẹni tí ń kọrin yìí?*
*Ta ló bí i tó fi gbọ́n bí èyí?*

Mo dákẹ́. Orúkọ yín ló wà lẹ́nu mi. Mo ti pinnu pé bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, èmi fúnra mi á pè é sókè, mà á sì máa lọ sílé. Ìyá tó ń tún ìró ró yẹn, tó ti nàró, ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbá itan. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Gbogbo wọn dìde, wọ́n la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà:

*Àwa ni, àwa ni, ẹ wo ọmọ wa!*

Ẹ má bínú, Màmá. Mo ti ní ìyá tó kún gbọ̀ngàn.

Ọmọ yín tó ń dá orin, tí wọ́n sì ń gbè é.