Máàkì Bàbá Jìmí

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá

Ayọ̀ mi kún! Wọ́n ti fi mí ṣe alábòójútó ilé òròmọdìẹ. Ọ̀gá Bébà ló pè mí — Olúmidé, máníjà oko adìẹ wa, ẹni tí kò lè mumi kó má kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sá lọ jó lẹ́yìn ilé oúnjẹ adìẹ. Mùjíbátù tó ń ṣa ẹyin rí mi, ó bá mi jó, kò mọ ohun tí a ń jó sí.

Ìṣẹ́gun, 18

Ayọ̀ àná ti ní àbùlà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Bébà gbé fún mi ni àyẹ̀wò iṣẹ́ ọlọ́dọọdún. Kí n pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó, kí n sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí fún un lójú ara rẹ̀, kí n wá fún un ní máàkì, láti oókan dé márùn-ún. Kò burú. Àfi pé Bàbá Jìmí wà nínú wọn.

Bàbá Jìmí — Ààrẹ Òròmọdìẹ, bí mo ṣe ń pè wọ́n nínú ìwé yìí nìkan — ni bàbá àfẹ́sọ́nà mi. Ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni ẹbí wọn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa ní Adégbayì. Èmi, kí n jókòó kojú bàbá ọkọ, kí n máa ka àléébù wọn! Ilẹ̀ á la ẹnu.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo fún Ààrẹ ní márùn-ún nínú ohun gbogbo, láì pè wọ́n. Ọ̀gá Bébà dá a padà. Ó ní ṣé ti ìmọ́tótó náà jẹ́ márùn-ún?

Ó mọ̀. Gbogbo wa mọ̀. Ààrẹ kì í jẹ́ kí àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó kàn yà béèrè ọ̀nà Alákíà pàápàá — wọ́n á mú un wọlé wá wo òròmọdìẹ, tòun ti bàtà ìgboro. Bí àrùn ṣe wọlé lóṣù kẹjọ nìyẹn, tí òròmọdìẹ kú bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo sunkún. Ààrẹ náà sunkún. Kò pẹ́ tí wọ́n tún mú ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn wọlé.

Ẹtì, 21

Jìmí ní kí n sọ òótọ́. Ó wá ní, ṣùgbọ́n kí n kúnlẹ̀ o.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo ti ṣe é.

Ọ̀gá Bébà to àga méjì kojú ara wọn. Ó ní mi ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, ibi iṣẹ́ la wà. Ààrẹ wọlé — orúnkún mi ò tilẹ̀ bi mí léèrè. Ìwé wà lórí àga, èmi wà nílẹ̀. Ọ̀gá Bébà ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń fọwọ́ júwe pé kí n dìde. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mo kọ́kọ́ yìn wọ́n, ó sì tọ́ sí wọn: kò sẹ́ni tó ń tètè dé bíi tiwọn, òtútù ò sì pa òròmọdìẹ lọ́wọ́ wọn rí. Mo wá ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Àwọn àlejò yín ló ń kó àrùn wọlé. Méjì ni mo fún yín lórí ìmọ́tótó."

Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́." Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Mo gbé!

Ọjọ́rú, 26

Mo kí Ààrẹ, wọ́n dáhùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹtì, 28

Jìmí ní bàbá òun ò tíì tún dárúkọ ogúnjọ́ nílé. Màmá mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n, kí n sọ méjì di mẹ́rin, ṣé máàkì ni mo fẹ́ fẹ́ ni? Mo ní rárá, mi ò ní parọ́. Mo fìgboyà sọ ọ́. Mo wá wọ yàrá lọ sunkún, nítorí mo fẹ́ràn Jìmí, mo sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀.

Àìkú, 30

Ọwọ́ mi ò dúró kọ̀wé, ẹ̀rín ń pa mí!

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni Ààrẹ wọlé, àwọn nìkan. Bàbá ọkọ kì í dá yọjú báyìí kí ọjọ́ tó pé. Bàbá mi rò pé wọ́n wá sọ pé àwọn ò ṣe mọ́ ni. Tai tí bàbá mi ti tú, wọ́n tún so ó. Ààrẹ mu omi. Wọ́n ní nítorí máàkì yẹn làwọn ṣe wá. Kí n jẹ́ kó di mẹ́ta. Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àlejò kankan ò tíì wọlé òròmọdìẹ. Pásítọ̀ gan-an, ẹnu géètì làwọn ti kí i.

Màmá mi ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun ti pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó gbogbo ọdún yìí ni mo fún ní méjì."

"Méjì àbọ̀ ńkọ́?"

"Méjì ni, sà."

Bàbá mi, tísà tó ti fẹ̀yìntì, bá dá sí i: àwọn ò yí máàkì padà rí ní gbogbo ọdún tí àwọn fi kọ́ ọmọ, ọmọ àwọn ò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Màmá mi fọwọ́ bojú.

Ààrẹ mí kanlẹ̀. Wọ́n yíjú sí bàbá mi.

"Látìgbà tí ìyá Jìmí ti ṣaláìsí, 'bẹ́ẹ̀ ni, sà' ni gbogbo ará ilé ń sọ fún mi. Kò sí ẹni tó lè fún mi ní méjì mọ́." Wọ́n wúkọ́. "Ogúnjọ́ yẹn jìnnà jù. Ẹ jẹ́ ká wá lọ́jọ́ kẹfà."

Bàbá mi ní kẹfà ti yá jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni ná iṣu. Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n wá fẹnu kò sí, Ààrẹ sì lu ọwọ́ bàbá mi pàá. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́, mi ò sì tíì mọ aṣọ tí mo máa wọ̀!